Òórùn inú rọ́bà àti kẹ́ẹ̀gì wa

  

Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan wáyé tí àwọn kan nínú wa fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wa tó ń ta oúnjẹ fún àwọn ọmọ Póòlì ní Ìlaró ra máíkírówéèfù tó fi ń gbé oúnjẹ gbóná. (Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye iná tó ń jẹ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé e o.) Ẹjọ́ tó wá rò ni pé rọ́bà tó fi ń gbé ọbẹ̀ gbóná kò ṣe é fọ̀ mọ́. Ó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, tó bá ti bu ìrẹsì sí i, àwọn ọmọ á ní, "Màmá, ìrẹsì yín ń rùn bí ẹja."

Àwa ò rẹ́rìn-ín. Oníbàárà tó bá ti yínmú lẹ́ẹ̀kan, ó lè má padà mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Àwo gíláàsì, àwo tó ń fọ́, àwo irin tí kì í dípẹtà, òórùn kì í wọ inú ara wọn. Rọ́bà ló yàtọ̀. Inú epo ni òórùn ẹja, òórùn irú àti ti àlùbọ́sà máa ń wà, rọ́bà sì máa ń fa epo mu. Tó bá gbóná, ara rẹ̀ á túbọ̀ fà á mu. Tó bá tutù, òórùn á há síbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá tún gbé e gbóná, á tún jáde sínú oúnjẹ mìíràn. Ojú rọ́bà ni ọṣẹ ń fọ̀, kò dé inú ara rẹ̀.

Ti oúnjẹ ṣì ṣe é bá jà. Ẹ má jẹ́ kí ọbẹ̀ sun inú rọ́bà mọ́jú. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kíá. Tó bá ṣì ń rùn, ẹ po bẹkin-sódà pọ̀ mọ́ omi díẹ̀ kó ki, ẹ fi pa inú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá ṣàn án. Ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà nínú omi náà ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i sílẹ̀ nínú òòrùn. Ẹ lè kó èédú gbígbẹ díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ dé e mọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má po Jik mọ́ ọsàn tàbí fínígà láéláé, èéfín olóró ló ń jáde níbẹ̀.

Ti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ẹ bu omi sínú àwo gíláàsì, ẹ gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ ki igi pẹlẹbẹ kan bọ̀ ọ́ kí omi má baà ru lójijì, kí ẹ gbé e sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ má tètè ṣílẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí oruku rẹ̀ rọlẹ̀, kí ẹ tó fi aṣọ mímọ́ nù ún. Irin kankan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà yìí ló wá mú wa rántí kẹ́ẹ̀gì, torí rọ́bà náà ni kẹ́ẹ̀gì. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹnu ibodè la wà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé epo bẹntiróòlù kọjá sí Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ń tà á lẹ́bàá títì níbẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní kpayo. Ìjọba ti ibodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n ní kí wọ́n má gbé epo wá sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnu ibodè. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí ti Ìdí-Ìrókò. Nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo wá lọ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo wọ́n gógó, èrè òwò yẹn sì já wálẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì wọn ńkọ́? A ti rí lára rẹ̀ lọ́jà wa. Wọ́n á fi yanrìn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n á tà á fún olépo pupa ní owó pọ́ọ́kú.

Ọ̀kan nínú wa ra irú rẹ̀. Ó fi Omo àti ọsàn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, òórùn lọ, ó rọ epo pupa sí i, jálá márùn-ún gbáko. Oníbàárà gbé e dé Èkó, òòrùn pa á nínú mọ́tò, òórùn bẹntiróòlù sì yọ. Ó dá epo padà, kò sì padà wá mọ́. Obìnrin yìí kì í ṣe ẹlẹ́tàn o, kò mọ̀ ni. Àwa tí a ń kọ̀wé yìí náà jẹ̀bi, a ti fi kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì pọn omi rí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ gbangba: òórùn oúnjẹ, ẹ fọ̀ ọ́. Òórùn bẹntiróòlù, kẹrosíìnì, oògùn apako àti Sniper, ẹ má wulẹ̀ fọ̀ ọ́. Tí òórùn bá tilẹ̀ lọ, oró lè ṣẹ́kù. Kẹ́míkà kan wà nínú bẹntiróòlù tí wọ́n ń pè ní benzene, ó ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo náà ṣì ń gbaná, ẹ má sá a sẹ́bàá ààrò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n kó epo fàyàwọ́ sí gbiná ní Sèmè ní ìhà Bẹ̀nẹ̀, ó pa èèyàn tó lé ní 30.

A mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì tuntun ti wọ́n. Ẹ̀yin tí agbára yín kò bá ká a, ẹ ra èyí tí wọ́n fi ta òróró, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ rọ omi gbígbóná sí i, ẹ dé e pa fún wákàtí kan, kí ẹ ṣí i, kí ẹ gbóòórùn. Tó bá ti rùn bí epo mọ́tò, ẹ dá a padà. Èyí tó bá dára, ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì sí i lọ́rùn, kí ọmọ ilé má baà fi ra kẹrosíìnì.

Ẹni tí tirẹ̀ kò bá dá lójú, kó gbé kẹ́ẹ̀gì náà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. A ó jọ gbóòórùn rẹ̀.