ÌLERA LỌRỌ̀: Ìka tí kò dunni mọ́, ṣé egungun rẹ̀ ṣì pé?

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irú làkúrègbé kan tí àwọn dókítà ń pè ní rheumatoid arthritis. Kì í ṣe ti ọjọ́ ogbó tó ń mú ìyá àgbà lórúnkún o! Eléyìí lè mú ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara ló ṣìnà, tí wọ́n kọjú ìjà sí oríkèé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ onítọ̀hún.

Bí irú ẹ̀ bá mú ìyá aránṣọ kan ní Ìṣẹrí Olówóra ńkọ́? Tó bá jí láàárọ̀, ìka ọwọ́ méjèèjì á le gbagidi, á lé ní wákàtí kan kó tó lè di sísọ́ọ̀sì mú. Á ra oògùn ìrora ní kẹ́míìsì, ara á tù ú, á padà sídìí ẹ̀rọ. Á ní, "Ó ti lọ." Àṣé kò lọ! Ọ̀dà ara ògiri ló ń dán, ikán ṣì ń jẹ òpó nínú ilé.

Ta ni yóò wá rí ikán náà? Fọ́tò inú ara ni. Ní ọdún 1895, Röntgen, ọmọ Jámánì, ṣàwárí X-ray. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ wà lára ohun tó kọ́kọ́ yà: egungun ìka hàn kedere pẹ̀lú òrùka. Títí dòní, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni dókítà ń yà fún aláìsàn yìí. Ó ń wò ó bóyá etí egungun ti ní ojú ibi tí nǹkan jẹ, bí iṣu tí eku bù jẹ. Ó tún ń wo àlàfo àárín egungun. Bó bá ń fún, ohun rírọ̀ tó dà bíi tìmùtìmù níbẹ̀ ló ń tán lọ.

Ṣùgbọ́n fọ́tò kan ṣoṣo kò tó. Wọ́n á ya ti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún ya òmíràn tó bá yá, bóyá lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n á gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ibi jíjẹ bá ti pọ̀ sí i, oògùn kò ràn án tó nìyẹn, ìrora ì báà ti lọ. Dókítà á pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kó fi òmíràn kún un.

X-ray kì í tètè rí i, egungun á ti bàjẹ́ díẹ̀ kó tó hàn. Ìdí nìyẹn tí sikáànù, irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún, fi wúlò. Ó ń fi omi àti wíwú inú oríkèé hàn kí ọ̀rọ̀ tó di ti egungun. MRI náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ ga.

Nígbà kan, wọ́n rò pé àrùn yìí kò fi bẹ́ẹ̀ sí láàárín aláwọ̀ dúdú. Ìwádìí kan tó jáde ní 1993 kò rí ẹnì kan ṣoṣo tó ní in ní ìgbèríko Nàìjíríà tí wọ́n yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ní 2010, Ọ̀jọ̀gbọ́n Femi Adelowo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí 200 ọmọ Nàìjíríà tó ní in. Ó wà láàárín wa o!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, bí oríkèé bá wú, tó ń le láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má fi oògùn ìrora tàn án jẹ. Láti Olówóra, ẹ gba Bẹ́gà lọ sí Ìkẹjà: LASUTH ní dókítà tó mọ làkúrègbé dunjú. Bí wọ́n bá sì ya fọ́tò fún yín, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi ṣeré. Òun ni ẹlẹ́rìí yín lọ́dún tó ń bọ̀.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọwọ́ yìí náà lẹ fi ń wá oúnjẹ ọmọ.