Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Ìwọ̀n Kálísíọ̀mù Tí À Ń Gbé Mì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi tó àwọn ènìyàn wa létí lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ipò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó bá ní ire ará ìlú lọ́kàn kò ní í ṣàì kà á sí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ti oògùn oníhóró tí à ń pè ní kálísíọ̀mù, èyí tí àwọn aboyún ń lò, tí àwọn àgbàlagbà ń lò nítorí egungun, tí a sì ń rà ní ilé oògùn láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Nítorí pé ó wọ́pọ̀, àwọn kan rò pé kò lè ṣe ènìyàn ní ire kan tí ó tó nǹkan. Àwọn mìíràn sì rò pé kò lè ṣe ibi rárá. A kò fara mọ́ èrò méjèèjì.

Kálísíọ̀mù ni ó ń mú egungun àti eyín le. Òun náà ni ó wà nínú ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ, gaàrí àti àmàlà tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń yó kò ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1999, àwọn oníṣègùn tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ìlú Jos lórí àwọn ọmọ 123 tí àrùn egungun rírọ̀ ń yọ lẹ́nu, irú àrùn tí í mú ẹsẹ̀ ọmọdé tẹ̀ bí ọrun. Kálísíọ̀mù tí ó wà nínú oúnjẹ òòjọ́ àwọn ọmọ náà jẹ́ nǹkan bí 200 mìlígíráàmù péré. Nígbà tí a fún wọn ní kálísíọ̀mù, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú fítámì D, ara wọn yá ju ti àwọn tí a fún ní fítámì D nìkan lọ. Oòrùn kò wọ́n wọn. Oúnjẹ tí ó ní kálísíọ̀mù ni ó wọ́n wọn.

Ti aboyún tún ju èyí lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, èyí tí ó lè di gìrì, ń pa ìyá, ó sì ń pa ọmọ. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe dámọ̀ràn pé níbi tí kálísíọ̀mù bá ti kéré nínú oúnjẹ, kí aboyún máa lo 1,500 sí 2,000 mìlígíráàmù lójúmọ́, kí ó pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ọdún 2024 sì ni a tẹ àbájáde ìwádìí méjì jáde, ọ̀kan láti Íńdíà, èkejì láti Tanzania, tí aboyún 11,000 kópa nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó hàn níbẹ̀ pé 500 mìlígíráàmù lójúmọ́ kò rẹ̀yìn sí 1,500 níti dídènà àrùn yìí.

Níhìn-ín ni àṣìlóye ti ń wọlé. Ẹni tí ó ra àgbàdo pẹ̀lú ṣùkù rẹ̀ kò gbọdọ̀ ka ìwọ̀n ṣùkù mọ́ ti ọmọ àgbàdo. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni oògùn yìí rí. Hóró calcium lactate tí a kọ 300 mìlígíráàmù sí lára kò ní ju nǹkan bí 39 mìlígíráàmù kálísíọ̀mù gan-an nínú. Aboyún tí ó bá ń lo hóró kan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ yóò rí 117, yóò sì máa rò pé òun rí 900. Ṣùgbọ́n hóró calcium carbonate tí ó jẹ́ 1,250 mìlígíráàmù ní 500 nínú. Orúkọ jọra, iṣẹ́ kò dọ́gba.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kí ènìyàn máa gbé e mì lẹ́kùn-únwọ́. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ara kì í gba ju nǹkan bí 500 mìlígíráàmù lọ dáadáa lẹ́ẹ̀kan náà, oúnjẹ ni ó sì yẹ kí a fi calcium carbonate tẹ̀lé. A kò gbọdọ̀ lò ó pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó ní irin. Kí wákàtí mélòó kan wà láàárín wọn, nítorí pé ọ̀kan ń dí èkejì lọ́wọ́. Bákan náà ni ó ń sọ tetracycline, doxycycline àti ciprofloxacin di aláìlágbára, àti oògùn levothyroxine tí àwọn tí gẹ̀gẹ̀ ń dà láàmú lè máa lò. Ẹni tí ó ní àrùn kíndìnrín, tàbí tí òkúta ti wà nínú kíndìnrín rẹ̀ rí, tàbí tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí í mú ni tọ̀, kí ó bi dókítà léèrè kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2006 lórí àwọn obìnrin 36,282 tí wọn kò ṣe nǹkan oṣù mọ́ fi hàn pé òkúta kíndìnrín fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tí wọ́n lo kálísíọ̀mù pẹ̀lú fítámì D ju àwọn tí kò lò ó lọ. Bí òùngbẹ, èébì, ìtọ̀ àtọ̀túntọ̀ àti ìdàrúdàpọ̀ ọkàn bá dé sí ẹni tí ń lò ó, kí ó dáwọ́ dúró, kí ó sì tọ dókítà lọ.

Kí ni ó yẹ ní ṣíṣe? Èkíní, kí àjọ NAFDAC rí i pé gbogbo ilé iṣẹ́ tí ń ṣe oògùn yìí kọ iye kálísíọ̀mù gan-an tí ó wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan sí ara páálí, ní lẹ́tà tí ojú àgbà lè rí. Èkejì, kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa pèsè hóró oní-500 lọ́fẹ̀ẹ́ fún aboyún ní gbogbo ilé ìgbẹ̀bí ìjọba. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Owó hóró oògùn kò tó owó ìtọ́jú gìrì, a kò tilẹ̀ tíì sọ ti ẹ̀mí. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí àwọn tí ń du ipò bá wá bẹ̀ yín fún ìbò, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè yìí, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi orin dá yín lóhùn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ìyókù wà. Nígbà tí Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, kì í ṣe kí ọmọ lè ka ìwé ìdánwò nìkan ni. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti ka ara páálí oògùn fún ìyá wọn. Ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú pé wàrà, ewédú, edé àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun ní kálísíọ̀mù nínú, kí ó má baà jẹ́ pé inú ìgò nìkan ni a ó máa wá ohun tí ó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ìyá tí ó bá mọ ohun tí ó ń gbé mì, tí ó mọ ìwọ̀n rẹ̀, tí ó sì mọ àkókò rẹ̀, ni oògùn náà yóò jẹ́ fún.