Owó tó ṣìnà ní báǹkì: ẹ má jẹ́ kí èlé rẹ̀ bá a lọ

Ní Ọjà Sayédẹ̀rọ̀, nílùú Ìlaròó, kò sí ìyálọ́jà tí alájọ máa fi owó ọjọ́ kan ṣoṣo rẹ́ jẹ. Bí alájọ bá ti dé, obìnrin náà á mú káàdì ẹ̀ jáde, á ka àmì tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan bá sì dín, ariwo á ta. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni alájọ máa gbà fún wàhálà ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ṣùgbọ́n ìyálọ́jà yìí kan náà, bí báǹkì bá ṣàṣìṣe, tí owó ẹ̀ há síbì kan fún oṣù méjì ààbọ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a padà, ọpẹ́ ló máa kù sí i lẹ́nu. Á ní, "Ọlọ́run ṣeun, owó mi kò wọgbó." Kò ní béèrè èlé. Àwọn tó wà nínú báǹkì náà kò sì ní rán an létí.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ káwọn oníṣòwò kéékèèké jókòó yẹ̀ wò dáadáa nìyí. Àṣìṣe kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, èèyàn ẹlẹ́ran ara sì ni òṣìṣẹ́ báǹkì. Ó lè tẹ nọ́ńbà kan sódì, kí owó tẹ́nì kan kó wá bọ́ sínú àkáǹtì ẹlòmíì. Kọ̀ǹpútà lè yọ owó kúrò nínú àkáǹtì kan, kó má sì gbé e dé ibi tó ń lọ. Wọ́n lè sọ àkáǹtì ìfowópamọ́ di kọ́rẹ́ǹtì láìsọ fún ẹni tó ni ín. Wọ́n sì lè gbàgbé láti yí iye èlé padà lọ́jọ́ tí òfin ní kí wọ́n yí i. Ó lè má sí èyí tó jẹ́ olè jíjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀, oníbàárà ni èlé owó ẹ̀ kò tẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ oníbàárà ló jẹ báǹkì lówó, tó wá fi ọjọ́ kan péré pẹ́, báǹkì máa ka ọjọ́ náà mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n á sì ṣírò ẹ̀ dórí kọ́bọ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀ yìí náà ló yẹ kí wọ́n fi wọn tiẹ̀ fún un.

Ìṣirò ọ̀hún kò sì le rárá. Ẹni tó bá lè ṣírò èrè orí àpò gàrí mẹ́wàá lè ṣe é. Ká ní oníṣòwò gàrí kan san N600,000 sínú àkáǹtì ìfowópamọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, tí owó náà bọ́ sínú àkáǹtì ẹlòmíì, tó sì jẹ́ pé ogúnjọ́ oṣù kẹta ọdún náà ni báǹkì tó rí àṣìṣe yìí, tí wọ́n dá owó padà síbi tó yẹ kó wà.

Ohun àkọ́kọ́ ni kó ka ọjọ́. Láti ọjọ́ kẹfà títí dé ìparí oṣù kìn-ín-ní jẹ́ ọjọ́ 26, oṣù kejì jẹ́ ọjọ́ 28, ti oṣù kẹta jẹ́ ọjọ́ 19, nítorí pé kò ní ka ọjọ́ tí owó padà dé mọ́ ọn. Àròpọ̀ gbogbo ẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 73.

Ohun kejì ni kó mọ iye èlé tó tọ́ sí i. Báǹkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè yìí, CBN, ní òṣùwọ̀n èlé kan táwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ń pè ní MPR. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹjọ, ọdún 2022, àṣẹ tí CBN pa ni pé èlé orí owó náírà tó wà nínú àkáǹtì ìfowópamọ́ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 30 nínú 100 MPR yìí. Láti ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2024 títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìdá 27.5 nínú 100 ni MPR. Bí èèyàn bá mú ìdá 30 nínú 100 iye yìí, 8.25 ló máa bá. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé N100 tó bá wà ní báǹkì fún ọdún kan gbáko gbọ́dọ̀ bí N8.25, ó kéré tán.

Ohun kẹta ni ìṣirò fúnra ẹ̀. Ìdá 8.25 nínú 100 lórí N600,000 jẹ́ N49,500 fún ọdún kan. Bí wọ́n bá pín in sọ́nà 365, ó máa jẹ́ nǹkan bíi N135.62 fún ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá wá sọ ìyẹn di ìlọ́po 73, N9,900 ni. Báǹkì máa ń yọ owó orí ìjọba, ìdá 10 nínú 100, lórí èlé, ìyẹn N990. Ohun tó kù, tó yẹ kó wọ inú àkáǹtì oníṣòwò náà, ni N8,910. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó kàn sọ pé "ẹ san èlé mi." Iye owó gan-an ni kó kọ síwèé.

Àwọn kan máa sọ pé kí ló wà nínú N8,910 tí èèyàn á fi ti ṣọ́ọ̀bù, táá lọ máa tò ní báǹkì. Ọ̀rọ̀ gidi lọ̀rọ̀ yẹn, torí ọjọ́ kan tí ọjà kò bá ṣí, owó ló ń lọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 yẹn, NBS, àjọ tó ń ṣèṣirò fún ìjọba àpapọ̀, sọ pé ìdá 24.48 nínú 100 ni ọjà fi gbówó lórí ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ìyẹn ni pé bí èlé 8.25 bá tiẹ̀ pé pérépéré, owó náà ṣì ń joro sílẹ̀ ni. Bí wọ́n bá tún wá yọ èlé ọ̀hún kúrò, ìyà ti di méjì. Ẹni tó bá sì ti mọ̀ pé èlé yẹ kó bá owó òun padà, ọjọ́ tó bá ń lọ gba owó ẹ̀ náà ló máa mú ìwé èlé dání. Kò ní ti ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì.

Àṣìṣe kan tún wà tó burú ju tàkọ́kọ́ lọ, torí kì í pariwo. Òun ni kí báǹkì máa san èlé àtijọ́ lẹ́yìn tí òfin ti yí padà. Àwọn ará Yewa kò ní gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 2019 tí ìjọba àpapọ̀ ti ẹnu ibodè pa. Nígbà tí wọ́n ṣí mẹ́rin nínú àwọn ibodè náà lóṣù kejìlá ọdún 2020, Ìdí-Ìrókò kò sí níbẹ̀, àfìgbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ní gbogbo àkókò yẹn, oníṣòwò tí owó ọjà ẹ̀ jókòó sí báǹkì torí pé kò rí ọjà kó, èlé nìkan ni owó ọ̀hún ń bí. Àárín ìgbà yẹn náà ni CBN já èlé ọ̀hún wálẹ̀: láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2020, ìdá 30 nínú 100 MPR di ìdá 10 péré. MPR jẹ́ ìdá 12.5 nígbà náà, ẹni tó ní mílíọ̀nù kan náírà ní báǹkì tó yẹ kó máa retí N37,500 lọ́dún wá ń retí N12,500.

Òfin nìyẹn, kì í ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí CBN dá a padà sí ìdá 30 lóṣù kẹjọ ọdún 2022, tí MPR jẹ́ ìdá 14, èlé mílíọ̀nù kan kúrò ní N14,000 lọ́dún, ó di N42,000. Báǹkì tí kò bá tètè yí i padà ń jẹ oníbàárà bẹ́ẹ̀ ní N28,000 lọ́dún. Ti oṣù kẹjọ yẹn nìkan, tó jẹ́ ọjọ́ 31, lé ní N2,378 kí wọ́n tó yọ owó orí. MPR sì tún lọ sókè léraléra lẹ́yìn ìgbà náà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣírò ọdún kan tàbí méjì gbọ́dọ̀ gé e sí wẹ́wẹ́: ìgbà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye èlé tiẹ̀, kó tó wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Kí èèyàn tó bínú lọ bá báǹkì, ó yẹ kó kọ́kọ́ yẹ ara ẹ̀ wò. Àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì kì í gba irú èlé yìí, kọ́rẹ́ǹtì sì ni àkáǹtì ọ̀pọ̀ tó fi orúkọ ilé iṣẹ́ ṣí i. Nínú àkáǹtì ìfowópamọ́ náà, ẹni tó bá gbowó ju ìgbà mẹ́rin lọ lóṣù kan lè pàdánù èlé oṣù yẹn. Ẹni tó sì bá rí owó tí kì í ṣe tiẹ̀ nínú àkáǹtì ẹ̀, kó tètè lọ sọ. Ẹni tó ń béèrè ẹ̀tọ́ ẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó lé tẹlòmíì.

Bó bá ti dá a lójú, kó wá ìwé tó fi san owó, kó gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì ẹ̀ ní báǹkì, kó kọ lẹ́tà sí mánéjà, kó sì fi ìṣirò ẹ̀ sínú lẹ́tà náà. Kó ṣe é ní méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí èyí tó máa mú lọ ilé, kó sì béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ ẹjọ́ náà sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì tó dáa, CBN ní ẹ̀ka tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà báǹkì. Èèyàn lè kọ̀wé sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní cpd@cbn.gov.ng, tàbí kó mú lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì CBN tó wà l'Ábẹ́òkúta. Kò sí ìdí fún èébú tàbí ìjà. Ìwé tí ìṣirò wà nínú ẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ ju ariwo lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn báǹkì ló yẹ kí wọ́n gba ẹ̀bi tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí oníbàárà bá béèrè èlé, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé, "A ti dá owó yín padà, mà, kí lẹ tún fẹ́?" Tàbí kí wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún náà ló lè ṣírò èlé 73 ọjọ́ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Báǹkì tó bá mọ̀ pé òun ṣàṣìṣe kò yẹ kó dúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè. Ọjọ́ tó bá ń dá owó padà ni kó san èlé ẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, kó sì kọ bó ṣe ṣírò ẹ̀ sílẹ̀ fún oníbàárà láti rí. Àwọn tó ń wá sí Sayédẹ̀rọ̀ láti bẹ àwọn ìyálọ́jà pé kí wọ́n wá ṣí àkáǹtì ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí.

Títí wọ́n á fi máa ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ oníṣòwò fúnra ẹ̀ ni ìṣọ́ wà. Ojú tó fi ń ka àmì orí káàdì alájọ, kó máa fi ka ìwé báǹkì náà lóṣooṣù.