Ẹkún Tí À Ń Sun Nígbà Orin

Ìbéèrè kan wà tí kò rọrùn láti bi ara ẹni: nígbà tí omi bá bọ́ lójú wa lásìkò orin ìjọsìn, ta ni ó pa wá lẹ́kún? Ṣé Ẹ̀mí Mímọ́ ni, àbí ọmọkùnrin tí ó ń tẹ dùùrù?

Ẹ má ṣì wá gbọ́. Orin kò burú. Èlíṣà gan-an ní kí wọ́n mú olórin wá kí ó tó sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti lọ sí ìṣọ́ òru rí mọ̀ ọ́n: onílù á dẹwọ́, dùùrù á rọra máa dún lábẹ́lẹ̀, ọkàn tí ó ti le láti àárọ̀ á sì rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí Sọ́ọ̀lù ọba. Bí Dáfídì bá ti ta hápù, ara ọba á balẹ̀. Orin náà ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó ń fi orin tù ú nínú náà ni ó sì jù ú sí.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí ó kan ilẹ̀ Áfíríkà wa gbọ̀ngbọ̀n. John Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ Amazing Grace. Ní 1748, ìjì líle jà lójú òkun, ó ké pe Ọlọ́run. Wọ́n ti sọ fún púpọ̀ nínú wa pé ọjọ́ náà ni ó fi òwò ẹrú sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ó di ọ̀gá ọkọ̀ tí ń kó ẹrú. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, ó máa ń kó àwọn atukọ̀ rẹ̀ jọ fún àdúrà, nígbà tí àwọn ènìyàn wa wà nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ nísàlẹ̀ ọkọ̀ kan náà. Àìsàn ni ó mú un kúrò lójú òkun ní 1754. Ó di àlùfáà, wọ́n sì kọ́kọ́ lo orin náà ní ìjọ rẹ̀ ní Olney ní 1773. Ó di 1788 kí ó tó tẹ ìwé kékeré kan jáde, tí ó fi jẹ́wọ́ ìtìjú rẹ̀, tí ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu òwò náà. Ogójì ọdún! Omijé ti dé tipẹ́. Ọwọ́ ni kò tètè dé. (Ohùn tí ó ń pa wá lẹ́kún nínú orin náà lónìí pàápàá, ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti so ó mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1835. Newton ti kú láti 1807.)

Àwa náà ńkọ́? A ó sunkún ní ìjọsìn, a ó sì di owó oṣù ọmọ ọ̀dọ̀ mú ní ọjọ́ Ajé. Onílé á jó dé iwájú pẹpẹ, á délé, á fi owó ilé kún ti opó. Nípasẹ̀ Ámósì, Ọlọ́run ní kí wọ́n gbé ariwo orin wọn kúrò níwájú òun, kí ìdájọ́ òdodo máa ṣàn bí omi.

Ní Fílípì, Pọ́ọ̀lù àti Sílà ń kọrin lọ́gànjọ́ òru kí ilẹ̀ tó mì tìtì. Onítúbú gba Olúwa gbọ́, kò sì dúró de ilẹ̀ mọ́ kí ó tó wẹ ọgbẹ́ wọn. Wákàtí náà gan-an ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí orin bá pa yín lẹ́kún ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, tí ojú ẹnìkan tí ẹ jẹ ní gbèsè sì yọ sí yín lọ́kàn, ẹ má ṣe rò pé ọkàn yín ń ṣáko ni. Ẹ sun ẹkún yín tán, kí ẹ sì wá ẹni náà lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.