Ẹ Jẹ́ Ká Gbé Ewéko Wọ Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tí A Jọ Ń Lò

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fúláàtì ní Sùúrùlérè, ní Ìsọlọ̀, ní Bódìjà, ní Abẹ́òkúta, níbikíbi tí ìdílé mẹ́fà, mẹ́jọ tàbí méjìlá ti ń gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń gbé. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀: ẹ jẹ́ ká gbé ewéko wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀bá àtẹ̀gùn tí gbogbo wa ń gbà, ká sì jọ máa tọ́jú rẹ̀.

Ẹ wo bí ibẹ̀ ti rí lónìí. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn fúláàtì ẹnikẹ́ni nínú wa, ilẹ̀ ń dán, kọ́tínì mọ́, àga wà létòlétò. Ṣùgbọ́n kí àlejò tó dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, ó ti kọjá lára kẹ́ẹ̀gì tó ti là, táyà àlòkù, àti pákó tí kápẹ́ńtà fi sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ògiri ti dúdú níbi tí ọwọ́ ń kàn. Gílóòbù ti jó, oníkálukú sì ń retí ẹni tí yóò ra òmíràn. Láwọn ilé kan, abẹ́ àtẹ̀gùn ni jẹnẹrétọ̀ jókòó sí, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la ti gbọ́ nípa ìdílé tí èéfín jẹnẹrétọ̀ pa mọ́ ojú oorun. Kì í ṣe pé a jẹ́ ọ̀bùn. Ayálégbé rò pé iṣẹ́ onílé ni, onílé rò pé iṣẹ́ kíatékà ni, kíatékà ní owó tí wọ́n ń san fún òun kò ká a. Ibi tó jẹ́ ti gbogbo wa wá di ibi tí kò ní olúwa.

Àwọn tó kọ́ irú ilé wọ̀nyí ronú jinlẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ. Nígbà tí Lateef Jákàńdè jẹ́ gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, ó kọ́ ilé alájà fún mẹ̀kúnnù ní Ìsọlọ̀, ní Àbẹ̀sàn, ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin àti láwọn ibòmíràn, orúkọ rẹ̀ la sì fi ń pè wọ́n títí dòní. Nínú ọ̀pọ̀ ilé alájà tí wọ́n kọ́ nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà àti lẹ́yìn rẹ̀, búlọ́ọ̀kù olójú ihò ni wọ́n fi ṣe ògiri àtẹ̀gùn, kí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Ẹ lọ wo àtẹ̀gùn yín ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú ihò wọ̀nyẹn wọlé tó fún ọ̀pọ̀ ewéko láti gbé. Àwa fúnra wa la fi ẹrù dí i.

Kò dìgbà tí ẹ bá náwó rẹpẹtẹ, kò sì sí ohun tí a fẹ́ kó wá láti òkè òkun. Pẹ̀rẹ̀gún tí àwọn baba wa ń gbìn sí ààlà oko, òun ni àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń fowó rà lábẹ́ orúkọ Dracaena fragrans, òun ló sì dúró sí ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì káàkiri ayé. Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀, yóò hù. Kò bẹ̀rù òjìji. Ọ̀já ìkookò náà ńkọ́, èyí tí ewé rẹ̀ nà ṣánṣán, tó ní àbàwọ́n ìlà ìlà lára? Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni orírun rẹ̀. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì láìfẹnu kan omi, ẹ sì lè gé ewé kan sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ẹ rì í sínú yanrìn tútù, kí ó di ìdí tuntun. Níbi tí oòrùn bá ti ń wọlé dáadáa, ẹ fi àbámọdá síbẹ̀: ewé rẹ̀ kan ṣoṣo tó bá balẹ̀ yóò yọ ọmọ yíká etí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé ilé gbìn ín, kí wọ́n lè máa lọ wò ó láràárọ̀.

Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ pẹ̀rẹ̀gún, ẹnì kan nínú ilé yóò fajú ro. Ojúbọ Ògún ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ìyá àgbà kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò sì ní a ti gbé òrìṣà wọlé. Ẹ má fi ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni, ó sì yẹ kí a fi sùúrù bá wọn sọ ọ́. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ ní, “Mọ́mì, irú ewéko tó wà nínú báńkì tí ẹ ti lọ gba owó ìfẹ̀yìntì nìyí o. Elédùmarè ló dá a kí ẹnikẹ́ni tó gbìn ín sí ojúbọ.” Òtítọ́ ni pé àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà ní Bahia, nílẹ̀ Bràsíl, ń lò ó nínú ìsìn wọn, peregun náà ni wọ́n sì ń pè é; òtítọ́ sì ni pé ẹwà nìkan ni àwọn mìíràn ń fi ṣe. Bí ìyá bá gbà, ẹ ṣeun. Bí wọn kò bá gbà, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ fi ọ̀já ìkookò sípò rẹ̀. Bí ìyá kan bá ń fi ìbẹ̀rù kọjá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kì í ṣe ti gbogbo wa mọ́, bó ti wù kí ó tutù yọ̀yọ̀ tó.

Ohun kan wà tí ẹ óò máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta ewéko, tí n kò ní bá wọn sọ: pé ìkòkò ewéko méjì mẹ́ta yóò fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́. Ìwádìí tí B. C. Wolverton ṣe fún NASA, àjọ òfúrufú Amẹ́ríkà, ní 1989 ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Inú àpótí tí wọ́n tì pa ló ti ṣe é, kì í ṣe inú ilé tí èèyàn ń wọlé tó ń jáde. Ní 2019, Bryan Cummings àti Michael Waring ní Yunifásítì Drexel ṣàgbéyẹ̀wò irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó kéré tán, ewéko mẹ́wàá ni a ó tò sórí mítà onígun mẹ́rin kan kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ìta tó ń wọlé ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ tó dára, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé, ẹ kó ohun tó dí ojú ihò ògiri kúrò.

Ìdí tí mo fi ń ké sí yín yàtọ̀ sí ìyẹn. Ní ìlú Chicago, Frances Kuo àti William Sullivan ti Yunifásítì Illinois ṣàyẹ̀wò ilé alájà 98 ní Ida B. Wells, ẹ́sítéètì tí ìjọba kọ́ fún àwọn tálákà. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé ìwà ọ̀daràn tí àwọn ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ ní ilé tí igi àti koríko yí ká fi ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ wà lásán. Kí wọ́n tó ṣe ìyẹn, wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní ẹ́sítéètì mìíràn pé àwọn tí ibi àjùmọ̀lò wọn ní ewéko máa ń mọ ara wọn ju àwọn yòókù lọ. Igi ìta ni tiwọn, kì í ṣe ìkòkò inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, n kò sì ní purọ́ fún yín pé ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣeé ṣe kó fà á: èèyàn ń jáde, ó ń dúró, ó ń kí ẹnìkejì, ojú sì ń wà lára ẹni tí kì í ṣe ará ilé. Ohun tó sọnù lọ́wọ́ wa gan-an nìyẹn. Nínú ilé wa, èèyàn lè gbé ọdún márùn-ún lókè ẹnì kan láìmọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni wá, àwa tí a máa ń kí oníṣẹ́, tí a ń kí ẹni tó jókòó, tí a ń kí ẹni tó dúró!

Nítorí náà, ìtọ́jú ewéko ló ṣe pàtàkì jù nínú ìpè yìí, ibẹ̀ náà sì ni ó ti sábà máa ń bàjẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo èèyàn ni yóò bomi rin ín, gbòǹgbò rẹ̀ yóò jẹrà. Ní oṣù kẹta, ẹnikẹ́ni kò ní wò ó mọ́. Omi àpọ̀jù ń pa irú ewéko wọ̀nyí ju ọ̀dá lọ. Ẹ yan ìdílé kan fún oṣù kan ní àjà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ wọn sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ojú yóò ti rí i. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ti ìka bọ ilẹ̀ inú ìkòkò; bó bá ṣì tutù, kí wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, kí wọ́n fi aṣọ tútù nu eruku kúrò lára ewé. Bí wọ́n bá fẹ́ rìnrìn àjò, kí wọ́n kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, kí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ìkanlẹ̀kùn yẹn ni èrè tó tóbi jù tí mo ń wá.

Àwọn ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ bọ́ sọnù. Ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ihò nísàlẹ̀, yálà ẹ ra ti àwọn amọ̀kòkò Ìpetumodù tàbí ẹ lu ihò sídìí báàkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà àlòkù. Omi tó bá dúró sínú àwo abẹ́ rẹ̀, ẹ dà á nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí kí ẹ fi yanrìn kún àwo náà, torí láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹyin ẹ̀fọn fi ń di ẹ̀fọn tó ń fò. Ẹ má gbé ohunkóhun lé orí àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kó wà, kí gbogbo ará ilé lè sá jáde láìkọsẹ̀ bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ewéko eléwé fẹ̀ǹfẹ̀ tó ní funfun láàárín, tí àwọn olùta fúláwà létí títì ń pè ní dumb cane, ẹ má gbé e wọ ilé tó ní ọmọ kékeré, nítorí oje rẹ̀ ń mú ẹnu àti ahọ́n wú. Bí wọ́n bá sì jí ìkòkò kan gbé, ẹ gé ọ̀pá mìíràn, ẹ gbìn ín padà.

Ẹ̀yin onílé, ẹ dákun, ẹ bá wa ra ọ̀dà àti gílóòbù, kí ẹ má sì torí ìyẹn fowó kún owó ilé. Ilé yín là ń tún ṣe.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ya 14 Oṣù Keje sọ́tọ̀ fún gbígbin igi lọ́dọọdún láti 2008. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká dúró de ọjọ́ náà. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí ni kí a lò. Kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan mú ọwọ̀ kan àti ewéko kan jáde ní agogo méje àárọ̀. Ẹni tí kò ní ewéko, kí ó gé ti aládùúgbò. Ẹ kọ́kọ́ kó pàǹtírí, ẹ fọ ògiri, lẹ́yìn náà kí ẹ to ìkòkò. Lálẹ́ òní, kí ilẹ̀kùn ilé tó tì, ẹ kan ilẹ̀kùn ẹni tó kọjú sí yín, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń retí wọn ní Sátidé.