Ewé Tí Ó Kù Kan

Àwọn àgbà a máa wí pé oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni ó kù kan. Mo gbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ yìí bá wa wí lónìí ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Ewé tí ó kù kan lọ́wọ́ wa kì í ṣe èyí tí ó ṣòro láti rí nínú igbó, bí kò ṣe èyí tí ó wà lẹ́yìn ilé wa, tí àwọn ọmọ wa kò sì mọ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Ní ọjọ́ kan mo lọ sí Ẹ̀rúnmu láti wo ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bí ó ti ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí ewéko àti ìwúlò wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ya òdòdó kan sí ojú pátákó, ó funfun létí, àárín rẹ̀ sì pọ́n bí pupa ẹyin. Ó sọ fún àwọn ọmọ pé kamomáìlì ni, pé àwọn ará Yúróòpù a máa sá a gbẹ, wọn a sì máa mu omi rẹ̀ kí wọn lè sùn dáadáa, kí inú wọn sì lè rọ̀. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ fèrèsé yàrá náà gan-an ni efinrin hù sí, tí atẹ́gùn sì ń gbé òórùn rẹ̀ wá bá wa. Ọmọ kan na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí tí ó wà níta yìí ńkọ́?" Olùkọ́ wò ó títí, ó ní koríko ni. Ìyá àgbà kan tí ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ògiri rẹ́rìn-ín, ó sì dáhùn láti ìta pé, "Efinrin ni, ọmọ mi. Òun ni wọ́n fi ń tọ́jú inú rírun rẹ." Ọmọ ni ìyá náà ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi tí mo kọ́ olùkọ́ náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wí.

Èmi kò kẹ́gàn kamomáìlì. Òdòdó rere ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tí ó tutù ju tiwa lọ ni ó fẹ́ràn. Ohun tí ó dùn mí ni pé àwọn tí ó ni ín bọlá fún un: wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n wọn ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n dì í sínú àpò pélébé, ó sì dé orí àtẹ ní Ìbàdàn, a ń fi owó rà á. Inú ẹbí ńlá kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko ka kamomáìlì àti ewúro wa sí. Bákan náà, thymol tí ó wà nínú òróró efinrin ni ó wà nínú thyme tí a ń rà wá sínú ọbẹ̀. Ọ̀kan wà nínú agolo, èkejì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ẹ sì wo bí oògùn apakoríko ti ń jó rinrin àti tẹ̀tẹ̀ run lẹ́bàá oko wa, nítorí pé ẹni tí ó ń fọ́n ọn kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí èpò.

Ta ni ó jẹ̀bi? Apá kan ẹ̀bi náà wà lọ́rùn àwa àlùfáà àti olùkọ́. A da ewé pọ̀ mọ́ ọfọ̀ àti ẹbọ, a sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé a kò kà á nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 20, pé ìṣù ọ̀pọ̀tọ́ ni Aísáyà ní kí a fi lé oówo Ọba Hesekáyà. Apá kejì wà lọ́rùn àwọn àgbà wa tí wọn fi ìmọ̀ pamọ́, tí wọn sì gbé e lọ sí sàréè.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ṣáínà. Ní ohun tí ó lé ní 1,600 ọdún sẹ́yìn, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ge Hong kọ ọ́ sínú ìwé bí a ti ń fi ewé kan tọ́jú ibà: kí a rẹ ẹ́ sínú omi, kí a sì fún omi rẹ̀ mu. Nígbà tí obìnrin onímọ̀ nì, Tu Youyou, ń wá oògùn ibà, ó ka ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yé e pé iná ni ó ń ba agbára ewé náà jẹ́. Ní 1972 òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí artemisinin yọ. Ní 2015 a fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Bí Ge Hong bá ti fi í ṣe awo, kí ni ì bá kà?

Ilé wa náà kò ṣófo. Láàárín àwọn ọdún 1990, àlùfáà kan láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ẹni Ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale, fi oògùn ìdílé rẹ̀ fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde han àwọn onímọ̀ ìjọba ní Àbújá. Ìyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà ni àwọn ohun inú rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, a sì fọwọ́ sí i fún títà ní 2006. Kì í wo àrùn náà sàn pátápátá, ìdíwọ́ sì bá ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, ikú kò lè mú un lọ mọ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní Ẹ̀rúnmu àti agbègbè rẹ̀ ní ebè ewé tirẹ̀. Kò ní ìnáwó nínú. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, kí a gé igi ewúro, kí a rì í mọ́lẹ̀; kí a ya ìdí koríko ọba, kí a gbìn ín; kí a fọ́n irúgbìn efinrin sí orí ilẹ̀ láìbò ó jinlẹ̀, nítorí pé ó kéré púpọ̀; kí a sì tẹ́ ewé àbámọdá lélẹ̀, kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí i bí ọmọ titun ti ń hù létí rẹ̀. Kí ebè náà jìnnà sí ṣáláńgá àti sí ibi tí a ń fọ́n oògùn apakoríko. Lẹ́bàá ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a kan pátákó kékeré mọ́lẹ̀, kí a kọ orúkọ ewé sí i pẹ̀lú àmì ohùn. Kí a sì rán àwọn ọmọ sí àwọn ìyá àgbà, kí wọn kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sínú ìwé.

Bí a ti ń kọ́ wọn ní orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni kí a kọ́ wọn ní ìṣọ́ra. Ewé tí ó ní agbára láti ṣe rere ní agbára láti ṣe ibi. Kí aboyún má ṣe mu àgbo láìbi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi omi ewúro kún un láìsọ fún dókítà rẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì lè jọ fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ibà bá sì mú ọmọdé, ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ gbé e lọ.

Ìyá ẹlẹ́kọ náà ti dàgbà. Ní ọdún mélòó kan sí i, ọmọ mìíràn yóò na ọwọ́ sókè ní yàrá kan náà, yóò sì béèrè ìbéèrè kan náà. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ rẹ̀ lè dá a lóhùn.