Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹni Tó Sọ̀rọ̀ Dá Wà

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó, láti Òkè-Ṣópìn dé Òjówò, láti Àtìkọ̀rí dé Òkè-Àgbò àti Jàpárá. Ẹ̀yin ará Àgọ́-Ìwòyè, onílé àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń háyà yàrá. Ẹ̀yin èèyàn wa létí omi, ní Àbígí, Ìbíadé, Ìwópin, Mákùn-Omi àti Òde-Òmì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí mi.

"Ṣé ìwọ nìkan lo gbọ́n ni?" Ta ni wọn kò tíì bi ní ìbéèrè yìí rí nílẹ̀ wa? Wọ́n ń bi í nípàdé mọ̀lẹ́bí, wọ́n ń bi í nípàdé ẹgbẹ́, wọ́n ń bi í lábẹ́ ìsọ̀ àti nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ń bi í kò retí èsì. Ó fẹ́ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jókòó ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì ń jókòó, nítorí gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ ti yí sí i, kò sì sẹ́ni tó la ẹnu láti gbè é. Ẹni tí kò la ẹnu yẹn ni mo wá bá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ẹni kejì.

Ọdún 1949 ni Ìjẹ̀bú-Igbó dá Molusi College sílẹ̀, orúkọ oyè ọba wọn, Orímolúsì, ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ará ìlú ni. Ohun tí àjọṣe lè ṣe nìyẹn, mi ò sì wá síbí láti bú àjọṣe. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àmọ́ ẹ bá mi wo ọ̀gá méjì àkọ́kọ́ tó jẹ ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn, nítorí àwọn méjèèjì ló sọ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fẹ́ gbọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ wọn sì já sí kò rí bákan náà.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Stephen Olúwọlé Awókọ́yà, ọmọ Awà-Ìjẹ̀bú, tòsí Àgọ́-Ìwòyè níbí. Ní 1952, ó kúrò ní Molusi, ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ní oṣù keje ọdún náà ló gbé ètò rẹ̀ síwájú ilé ìgbìmọ̀: kí gbogbo ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti 1955. Owó ni yóò gbé e. Ìjọba bu owó lé àwọn tó ń san owó orí, ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ìlú gbaná jẹ. Nígbà tí wọ́n dìbò sílé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, ẹgbẹ́ NCNC na Action Group, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso Ìwọ̀-Oòrùn, mọ́ ilé ara rẹ̀, 23 sí 18. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sọ pé owó yẹn ló fà á.

Ní oṣù kìíní 1955, ilé ẹ̀kọ́ ṣí. Ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954 jẹ́ nǹkan bí 457,000. Ní 1955, wọ́n lé ní 811,000. Nínú wọn ni bàbá ẹlòmíràn tó ń ka ìwé yìí wà, àti ìyá ẹlòmíràn.

Ẹ má gbọ́ mi sódì. Ṣílè mẹ́wàá kì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó jókòó, tó ṣírò owó kòkó rẹ̀, tó sì ní òun kò lè san án, ọpọlọ ara rẹ̀ ló lò, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tí mò ń bá wí ni ẹni tó pariwo nítorí pé àdúgbò ń pariwo.

Ọ̀gá kejì ni Táí Ṣólàrín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Ó ti bá ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ti kàwé ní Manchester kó tó padà wálé. Ní 1952 ló gba Molusi. Kò fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ máa fi orin ìsìn àti àdúrà dandan bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Ẹ ro ó wò: ìlú tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kún inú rẹ̀, kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn máa sọ irú èyí! Òun àti àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ kò fẹnu kò. Nígbà tí ọdún 1955 ń parí lọ, òun àti Sheila, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, kó ẹrù wọn, wọ́n lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 1956, Mayflower School bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dáko, tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́lé, tí òkìkí rẹ̀ sì kan gbogbo Nàìjíríà.

Èmi onígbàgbọ́ ni, mo ń gbàdúrà láràárọ̀, n kò sì gba ohun tí Ṣólàrín gbà nípa Ọlọ́run. Síbẹ̀ ó ń dùn mí pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ó sì bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. A kò nílò láti gbà pẹ̀lú rẹ̀ ká tó jẹ́ kó dúró. Awókọ́yà ní ẹni kejì, kódà ó ní ẹni kẹta àti ẹni kẹrin: Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ Action Group, àti àwọn mínísítà ẹgbẹ́ rẹ̀ tì í lẹ́yìn títí ilé ẹ̀kọ́ fi ṣí, bí ìbò tilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣólàrín ní ìyàwó rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀ Molusi, ohùn tó gbè é kò tó.

Kí ẹ má sì rò pé mò ń sọ ọ́ di òrìṣà. Ní 1974, nígbà tí Gowon, olórí ìjọba ológun, ní ìjọba kò ní lè padà sọ́wọ́ alágbádá ní 1976 mọ́, Ṣólàrín kọ ìwé ta kò ó, ó sì ń pín in fún èèyàn nígboro Èkó. Ní 1984, ìjọba Buhari jù ú sẹ́wọ̀n. Àmọ́ ní 1989, ó gbà láti jẹ́ alága People's Bank lábẹ́ ìjọba ológun Babangida, inú bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń yìn ín. Bóyá ó tọ̀nà, bóyá kò tọ̀nà, òun ló fi ọpọlọ ara rẹ̀ rìn débẹ̀. Ẹni tó ń dá ronú lè ṣìṣe. Kò sì pọn dandan kó máa ta ko ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà gbogbo. Bí ọ̀pọ̀ bá rí òótọ́, kí ó bá wọn lọ.

Ìwádìí pàápàá ti fi agbára ẹni kejì hàn. Ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ kan, Solomon Asch, ṣe ìdánwò kan tó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1951. Ó kó èèyàn bíi mẹ́jọ jókòó, ó fi ìlà hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n sọ èwo nínú ìlà mẹ́ta ló gùn bákan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ọmọdé á mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹnì kan péré nínú wọn ni kò mọ àṣírí. Àwọn yòókù ti jọ sọ ọ́ pé àwọn á máa fi ẹnu kan sọ èsì tí kò tọ̀nà. Bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí kò mọ àṣírí ló tẹ̀lé wọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pe ìlà kúkúrú ní gígùn lójú ara wọn. Ibi tó wọ̀ mí lára jù nìyí: nígbà tí Asch fi ẹnì kan ṣoṣo tó ń sọ òótọ́ sáàárín wọn, àṣìṣe yẹn já wálẹ̀ gan-an, ó kù díẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo! Àti pé nígbà tó ní kí wọ́n kọ èsì sínú ìwé dípò kí wọ́n sọ ọ́ jáde, àṣìṣe náà tún dín kù.

Ẹ jẹ́ ká wá sí tiwa. Baba kan kú. Wọn ò tíì gbé e dé mọ́ṣúárì tí wọ́n ti ń bèèrè màlúù mélòó. Àwọn ọmọ ṣèpàdé. Àbúrò kan tó ń ṣe tíṣà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ sà, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ń bọ̀ lóṣù kẹsàn-án. Ẹ jẹ́ ká ṣe é níwọ̀n." Ẹ̀gbọ́n àgbà dáhùn: "Kí la fẹ́ kí ayé wí? Ṣé òkú ajá la fẹ́ sin ni?" Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Tí ìpàdé bá tú tán, ẹni mẹ́ta á tẹ̀ lé tíṣà lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á ní, "Ohun tó o sọ yẹn, òun gan-an ló wà lọ́kàn mi."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn ló ń bí mi nínú jù. Àwọn mẹ́ta! Ká ní ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ ní pálọ̀ ni, bóyá wọn ì bá má yá owó lórí fóònù tí èlé rẹ̀ ń lé wọn kiri, bóyá wọn ì bá má ta oko kòkó tí baba fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Wọ́n ta oko baba láti fi yẹ́ baba sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ayé tí wọ́n ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀ ti wà níbi òkú ẹlòmíràn, nínú aṣọ ẹbí mìíràn.

Ọba Síkírù Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, gorí oyè ní 1960, ó sì wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù keje 2025. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín ní ìlànà Mùsùlùmí. Awuyewuye pọ̀ lórí rẹ̀, àwọn oníṣẹ̀ṣe sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tiwọn. Ṣùgbọ́n ọba tó lo ọdún 65 lórí ìtẹ́ wọ ilẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó kú ikú ẹ̀tẹ́. Kí ló wá dé tí tíṣà wa kò fi lè sọ pé kí wọ́n má ta oko?

N kò sọ pé ká má ṣe ayẹyẹ. Ọdún Ojúde Ọba dùn ún wò, inú mi máa ń dùn sí i. Ẹni tó lówó, kó dá aṣọ. Ẹni tí kò ní, kí ó lè sọ pé, "Mo ń bọ̀ wá bá yín yọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní lè ra aṣọ," kí ẹ sì fún un ní àga àti oúnjẹ láìfojú burúkú wò ó.

Ìgbà mìíràn, ẹ̀mí ni ìdákẹ́jẹ́ ń gbà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá 2012, èrò lu akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt mẹ́rin pa ní Aluu, ní Ìpínlẹ̀ Rivers, wọ́n sì sun wọ́n níná. Ẹnì kan ti pariwo olè lé wọn lórí, ó tán. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan ń fi fóònù ya fídíò. Ní 2017, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún ẹni mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà, ọlọ́pàá kan sì wà nínú wọn. Mo ń bẹ yín ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí ọmọ ọlọ́mọ pọ̀ sí láti ìgbà tí ìjọba ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní 1982: bí ẹ bá gbọ́ "olè!" ní òru, tí ẹnì kan sì ní, "Ẹ jẹ́ ká pe ọlọ́pàá," ẹ dúró tì í kíákíá. Ẹ sọ ọ́ sókè, ẹ pe àwọn aládùúgbò tẹ́ ẹ mọ̀ lórúkọ kí wọ́n sún mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn náà kò yàtọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń fa lọ́wọ́ pé kó wá wọ ẹgbẹ́ lè kọ̀ tó bá rí ọ̀rẹ́ kan tó ti kọ̀ ṣáájú, tó sì ń bá a rìn lọ sí kíláàsì.

Létí omi, bí àwọn kan bá ń da oògùn apakòkòrò sómi láti fi pa ẹja, ẹni tó bá kọ̀ ọ́ á kọ́kọ́ gbé agbọ̀n òfìfo wálé nígbà tí tiwọn kún. Ìyàwó rẹ̀ á bínú, wọ́n á ní ojo ni. Ẹ̀yin apẹja bíi tirẹ̀, ẹ bá a dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀. Bí òun nìkan bá lọ, wọ́n á ní ó ń ṣe ìlara ni. Bí ẹ bá tó márùn-ún, baálẹ̀ á gbọ́. Lọ́jọ́ ìdìbò ẹ̀wẹ̀, ẹ̀yin náà mọ "dìbò kóo sebẹ̀". Owó tí wọ́n fi ń ra ìbò ni, ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó bá ní òun kò gba owó náà, ẹ má ṣe fi ṣẹ̀sín.

Ẹ̀yin olórí ẹbí, ìyálọ́jà, alága ẹgbẹ́, ìmáàmù àti pásítọ̀, ọwọ́ yín ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Nípàdé yín tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí àgbà tó ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ owó bá délẹ̀, ẹ pín ìwé péńpé, kí kálukú kọ iye tó lè dá láìkọ orúkọ, kí ẹ kà á sétí gbogbo ilé. Ẹ ó rí i pé iye èèyàn tó ń rò bíi ti tíṣà ju ohun tẹ́ ẹ rò lọ.

Ìwọ tó o sì ti mọ̀ pé òótọ́ ni àbúrò rẹ fẹ́ sọ, pè é kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, má dúró dìgbà tó bá tú. Bi í léèrè ohun tó fẹ́ sọ. Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n bá bèèrè bóyá òun nìkan ló gbọ́n, dìde, kí o ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi, àwa méjì ni."